Bí ẹ ṣe lè ra fíṣífáíńdà tí kò wọ́n, tí orí rẹ̀ àti ojú rẹ̀ á sì bára mu

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn wa ni pé wọ́n á rí fíṣífáíńdà tòkunbọ̀ kan (ẹ̀rọ tó ń fi ẹja àti ìsàlẹ̀ omi hàn lórí skírínì) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ á wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n á sáré sanwó, ìgbà tó bá délé ni wọ́n á wá rí i pé skírínì nìkan ló wà nínú páálí. Èyí tó ń wọ inú omi kò sí ńbẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyẹn kiri, wọ́n á rà á, kò ní wọlé, wọ́n á ra àdápútọ̀, á wọlé, kò ní ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá fi máa jókòó ṣírò owó tó ti lọ, wọn ì bá ti fi ra tuntun. Èmi náà ti kó sí i rí o, skírínì kan wà nílé mi títí dòní tí àwọn ọmọ fi ń ṣe tẹlifíṣọ̀n.

Màá máa pe èyí tó ní skírínì ní "orí", màá sì máa pe èyí tó ń wà lábẹ́ omi, tí wọ́n ń pè ní transducer, ní "ojú". Ojú ló ń ta ohùn sísàlẹ̀, ohùn yẹn á lọ gbá ilẹ̀ tàbí ẹja, á padà wá, orí á wá ṣírò bó ṣe pẹ́ tó kó tó dé. Ohùn ń rìn tó nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú omi, torí náà kíákíá ni gbogbo ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, tí orí àti ojú ò bá gbọ́ èdè ara wọn, ariwo lásán lẹ máa rí lórí skírínì.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Okùn gígùn tí ẹ so òjé tàbí òkúta mọ́, tí ẹ ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan
- Orí àti ojú rẹ̀, pẹ̀lú wáyà iná tó bá orí yẹn wá gan-an
- Bátìrì 12 fóòtì (bátìrì UPS 7Ah, ìyẹn áḿpù-wákàtí 7, tí wọ́n ń tà káàkiri ti tó fún èyí tó kéré)
- Fíùsì àti ilé fíùsì, wáyà pupa àti dúdú, tẹsíta (ohun tí wọ́n fi ń wọn iná)
- Ike onídèérí tó lè gba bátìrì kí omi má bàa wọ̀ ọ́
- Skúrù tí kì í dípẹtà, gọ́ọ̀mù tí omi kì í wọ̀, tai onírọ́bà tí wọ́n fi ń de wáyà
- Pákó kékeré tàbí ike tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́ nínú kíṣíìnì, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ máa rí iṣẹ́ tó máa ṣe

Ẹ má kó gbogbo owó yín sórí skírínì. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó bátìrì, wáyà àti ìdè sọ́tọ̀, èyí tó bá kù ni owó fíṣífáíńdà. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe é lódìkejì, wọ́n á wá fi wáyà iná ilé tín-ín-rín àti tẹ́ẹ̀pù ṣe iyókù, kò sì ní lo oṣù méjì.

Ìpele 1: Ẹ wọn omi yín ná

Ẹ mú okùn yẹn, ẹ lọ síbi márùn-ún tí ẹ ti máa ń dẹ àwọ̀n, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ka kókó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó jọ iṣẹ́ ọmọdé àbí? Òun ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà fún yín.

Ìdí ni pé ìtànṣán tí ojú ń ta sísàlẹ̀ rí bíi àrọ tí a dojú ẹ̀ délẹ̀, ó tín-ín-rín lókè, ó fẹ̀ nísàlẹ̀. Tí ìtànṣán bá jẹ́ dígírì 20, nínú omi mítà 2, ibi tó ń rí nísàlẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 70 lọ, ìyẹn ò tó fífẹ̀ ọkọ̀ yín. Dígírì 60 nínú omi kan náà á rí nǹkan bíi mítà 2.3. Ṣùgbọ́n tí omi bá jìn tó mítà 30, dígírì 20 yẹn náà á rí ju mítà 10 lọ. Ọ̀sà Èkó, ẹ mọ̀ ọ́n, tí a bá yọ ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà àti àwọn kòtò tí àwọn tó ń wa yanrìn gbẹ́ sílẹ̀, ibi púpọ̀ níbẹ̀ ò ju mítà 2 sí 3 lọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tó wá lọ fowó rẹpẹtẹ ra èyí tó lè wo mítà 500, ó ra agbárí erin fún ọbẹ̀ èèyàn méjì. Ojú tí ìtànṣán ẹ̀ fẹ̀ ló yẹ kó wá. Àwọn tó ń jáde sójú òkun láti apá Ìlàjẹ ńkọ́? Àwọn yẹn nílò èyí tó ní agbára díẹ̀ sí i, tó sì ní ìtànṣán tóóró fún ibi jíjìn.

Òfin kúkúrú: kHz ni iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí ohùn tí ojú ń ta ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ńbà kHz tó kéré (50, 77, 83) ń lọ jìn, ó sì máa ń fẹ̀, àmọ́ kì í fi nǹkan kéékèèké hàn dáadáa. 200 ló bá iṣẹ́ púpọ̀ mu. 455 àti 800 ni wọ́n fi ń ya àwòrán ìsàlẹ̀ tó mọ́ bíi fọ́tò, igi, òkúta, ọkọ̀ tó rì, ṣùgbọ́n kì í lọ jìn.

Tí ẹ bá ti ní ìwọ̀n ibi márùn-ún, tí ẹ sì lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé "omi mi kì í ju mítà báyìí lọ", ẹ lọ síwájú.

Ìpele 2: Irú wo ló bá ọkọ̀ yín mu?

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ àjẹ̀ ni ẹ ń lò tí kò ní ẹ́ńjìnnì, ẹ wo èyí tó dà bíi bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń jù sómi, bíi Deeper. Inú ẹ̀ ni bátìrì wà, Wi-Fi tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀, kì í jẹ dátà, kò sí ọ̀rọ̀ orí àti ojú ńbẹ̀ rárá torí fóònù yín ni orí. Àléébù ẹ̀ ni pé tí bátìrì fóònù bá kú, iṣẹ́ tán, oòrùn ọ̀sán ò sì ní jẹ́ kí ẹ rí skírínì fóònù dáadáa.

Tí ẹ bá ní ẹ́ńjìnnì, ẹ ra èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀. Garmin Striker 4, Lowrance Hook Reveal, Humminbird PiranhaMax, àwọn yìí ni mo lè pè ní olówó pọ́ọ́kú tó ṣeé gbójú lé. Ẹ má jẹ́ kí skírínì ńlá fà yín. Ínǹṣì 4 tàbí 5 ti tó, skírínì ńlá ń jẹ iná, olè sì ń rí i láti òkèèrè.

Ìpele 3: Ẹ so orí pọ̀ mọ́ ojú (ibí lowó ti ń ṣòfò)

Ohun tó dáa jù, tó sì rọrùn jù, ni kí ẹ ra orí àti ojú nínú páálí kan náà. Tí kò bá ṣeé ṣe, ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ bára mu, mẹ́ta nínú mẹ́rin ò tó o.

Àkọ́kọ́ ni eyín pulọ́ọ̀gì. Ẹ ka eyín tó wà nínú pulọ́ọ̀gì ojú, ẹ ka ihò tó wà lẹ́yìn orí. Garmin ní eléyín 4, eléyín 8 àti eléyín 12. Lowrance ṣòro díẹ̀ torí wọ́n ti yí tiwọn padà lọ́pọ̀ ìgbà: àtijọ́ jẹ́ búlúù eléyín 7, àwọn tó ń jẹ́ HDS tó dé lẹ́yìn jẹ́ dúdú eléyín 9, Hook2 àti Hook Reveal wá ń lo eléyín 8. Torí náà kí ẹnì kan máa sọ fún yín pé "Lowrance ni, gbogbo Lowrance bára mu", irọ́ ni. Bí wọ́n ṣe jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà ò sọ pé wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Ìkejì, firíkúẹ́ńsì, ìyẹn nọ́ńbà kHz tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì tó wà lára wáyà ojú, ó sábà máa ń wà nítòsí pulọ́ọ̀gì, nọ́ńbà àti orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Tí orí bá ń sọ 77 àti 200, tí ojú sì jẹ́ ti 455 nìkan, wọn ò ní gbọ́ra láéláé. Orí tí kò ní àwòrán fọ́tò nínú sọ́fítíwíà rẹ̀, kódà kí ẹ fi ojú olówó ńlá sí i, kò ní yà á fún yín.

Ìkẹta ni agbára, ìyẹn wáàtì. Orí tó ń ta agbára ju èyí tí ojú lè gbà lọ lè ba ojú jẹ́. Tí orí ò bá lágbára tó, ojú ò ní bà jẹ́, àmọ́ kò ní ríran jìn.

Ìkẹrin, tí àwọn èèyàn kì í rántí: ṣé orúkọ ojú yẹn wà nínú mẹ́nù orí? Àwọn orí kan máa ń dá ojú mọ̀ fúnra wọn, àwọn kan máa ń ní kí ẹ yan án. Ẹ lọ sórí wẹ́bùsáìtì ẹni tó ṣe é, ẹ wa ìwé ìlò orí yẹn jáde, ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá orúkọ ojú náà nínú ẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ má rà á.

Ẹ̀ẹ́ kíyè sí àdápútọ̀ o! Àdápútọ̀ kàn ń yí bí pulọ́ọ̀gì ṣe rí padà ni, kì í kọ́ orí ní èdè tuntun. Tó bá jẹ́ pé eyín nìkan ni ò bára mu tí mẹ́ta yòókù bára mu, ẹ rà á, tí ẹni tó ṣe orí fúnra rẹ̀ bá ṣe irú ẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó sọ́jà. Kò sì sí ohun tó burú tó kí rìwáyà kan sọ fún yín pé òun á gé wáyà ojú, òun á jó o pọ̀ mọ́ pulọ́ọ̀gì míì. Wáyà yẹn kì í ṣe wáyà iná, àmì kékeré tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi ló ń gbà inú ẹ̀, ó sì ní ìbora nínú tó ń lé ariwo dànù, tí wọ́n bá gé e, skírínì á kún fún èérí. Tí wáyà bá gùn jù, ẹ ká a jọ, ẹ dè é.

Wáyà iná orí náà ẹ má gbàgbé, òun náà ní pulọ́ọ̀gì tirẹ̀, tí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò rí i mọ́, ẹ yọ owó ẹ̀ kúrò nínú iye tó pè.

Ẹ kọ ìlà mẹ́rin sórí ìwé, eyín, kHz, wáàtì, mẹ́nù. Tí ẹ bá ti lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" síwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìfi ṣe "bóyá", ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì wàhálà.

Ìpele 4: Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà ní London tàbí Amẹ́ríkà ló ń bá wa rà á. Àwọn yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ẹja, ẹ má fi bú wọn, ẹ kàn fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí wọn: "Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́. Kí o tó sanwó, sọ fún ẹni tó ń tà á kó ya fọ́tò ẹ̀yìn skírínì, fọ́tò ojú pulọ́ọ̀gì kí n lè ka eyín, fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì ara wáyà, àti fọ́tò tí ó tàn. Tí kò bá ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fi sílẹ̀ fún un, jọ̀ọ́."

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń lọ wò ó, ẹ gbé bátìrì yín dání. Ẹ ṣọ́ra fún demo. Àwọn fíṣífáíńdà yìí ní eré kan nínú tó ń fi ẹja hàn láìsí omi, torí kí ṣọ́ọ̀bù lè fi polówó, àwọn mìíràn sì máa ń wọ inú rẹ̀ fúnra wọn tí wọn ò bá rí ojú. Mo ti rí ibi tí ẹni tó ń tà á ti ń fi ẹja ńláńlá tó ń wẹ̀ lórí skírínì han oníbàárà, lórí tábìlì, nínú yàrá! Oníbàárà ń mi orí. Ẹ wọ mẹ́nù, ẹ pa demo tàbí simulator.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ojú, ẹ gbé e sún mọ́ etí, ẹ máa gbọ́ tó ń dún tíkì-tíkì-tíkì wẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ wá fi ọwọ́ di ojú náà mú fún ìṣẹ́jú méjì, tó bá jẹ́ irú tó ń wọn ooru omi, nọ́ńbà ooru á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tó bá dún tí ooru sì yí padà, wáyà ò já nínú. Ẹ má fi sínú bókẹ́ẹ̀tì kí ẹ ní ẹ ń wọn jíjìn, omi bókẹ́ẹ̀tì ti kéré jù, nọ́ńbà burúkú ló máa gbé wá, ẹ ó wá máa bá ẹni ẹlẹ́ni jà. Bèbè omi níbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí okùn yín wà lọ́wọ́.

Ẹ wo ojú náà fínnífínní pẹ̀lú. Tó bá ti sán, tàbí tí wọ́n ti kun ún ní ọ̀dà ọkọ̀ lásán, ẹ fi sílẹ̀.

Ìpele 5: Bátìrì àti iná

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí a ń lò, irú Yamaha Enduro 40 tí wọ́n ń fà lókùn, ọkọ̀ wọn kì í ní bátìrì rárá. Torí náà bátìrì ọ̀tọ̀ ni. Kódà tí ọkọ̀ yín bá ní bátìrì, ẹ fún fíṣífáíńdà ní tirẹ̀, torí tí ẹ bá ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì iná á wálẹ̀, orí á kú, á tún tàn, ẹ̀yin náà á máa bínú.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Bátìrì 7Ah, ìdajì ẹ̀ ni kí ẹ lò kó má bàa tètè kú, ìyẹn áḿpù-wákàtí 3.5. Orí kékeré bíi Striker 4 kì í mu tó ìdá mẹ́ta áḿpù kan, nítorí náà á gbé yín láti àárọ̀ dalẹ́ láìmikàn. Orí ńlá tó ń mu áḿpù kan, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni.

Wáyà pupa lọ sí pọ́sítífù, fíùsì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀ nítòsí bátìrì, ìwé ìlò á sọ iye rẹ̀, 3 áḿpù ni púpọ̀ nínú àwọn kékeré ń lò. Dúdú lọ sí nẹ́gátífù. Tí ẹ bá rí wáyà aláwọ̀ mìíràn tó ṣẹ́ kù, búlúù, bíráùn, ti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ni, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù bo ẹnu ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò gbọ́dọ̀ kan ara wọn. Ẹ má sì so bátìrì méjì pọ̀ di 24 fóòtì tí ìwé ìlò ò bá gbà á, ẹẹ́fín lẹ máa rí, kì í ṣe ẹja. Sóláà náà ò gbọ́dọ̀ lọ tààrà sí bátìrì láìsí kọ̀ntúrólà láàárín.

Tẹsíta lórí bátìrì tó ti kún, tó sì ti sinmi: 12.6 sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ tan orí, ẹ wọ̀n ọ́n ní ìdí pulọ́ọ̀gì orí. Tí nọ́ńbà bá fi ju 0.5 lọ kéré sí ti bátìrì, wáyà ti tín-ín-rín jù tàbí ìsopọ̀ kan ò le.

Ìpele 6: Níbo lẹ máa de ojú sí?

Ìdí ọkọ̀, lápá ọ̀tún tí ẹ bá dojú kọ iwájú, torí pùròpélà tó ń yí sọ́wọ́ ọ̀tún, ibi tí abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ti ń yí sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, ìfóòfó ò pọ̀ níbẹ̀. Kó jìnnà sí pùròpélà tó sẹ̀ǹtímítà 38 ó kéré tán. Ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀ gbọnrangandan nígbà tí ọkọ̀ bá ti wà lórí omi pẹ̀lú ẹrù, kì í ṣe nígbà tó wà lórí ilẹ̀. Lára ọkọ̀ fáíbà, ẹ jẹ́ kó yọ jáde nísàlẹ̀ ìdí ọkọ̀ tó nǹkan bíi mílímítà 3, ti álúmínì bíi mílímítà 10. Ọkọ̀ pákó, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti fáíbà, kí ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àní ike tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ kan òun mọ́ ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú skúrù àti gọ́ọ̀mù, orí òun lẹ máa wá de ojú sí. Tí ẹ bá fẹ́ gbé ojú sókè tàbí sílẹ̀ lọ́la, ike lẹ máa lu, ẹ ò ní máa lu ọkọ̀ ní ihò mẹ́wàá bíi asẹ́.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù olè tàbí tó ń yá ọkọ̀ lò, kó de ojú mọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá irin tàbí páìpù, kó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tó bá parí iṣẹ́ kó gbé e lọ sílé. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù nìyẹn ní ibi tí òjúoró pọ̀ sí, torí lásìkò òjò tí ewéko bá ń ya bọ̀, ẹ máa ń fa ọ̀pá sókè tún ẹ̀ ṣe kíá.

Àwọn kan gbọ́ pé ojú lè wo omi láti inú ọkọ̀ láìlu ihò. Òótọ́ ni, lára fáíbà tó le gbagidi láìsí fóòmù láàárín nìkan. Pákó ò gbà á, álúmínì ò gbà á, ti fáíbà náà, ẹ má retí kó wọn ooru omi.

Wáyà ojú kò gbọ́dọ̀ bá wáyà ẹ́ńjìnnì rìn pọ̀, ẹ gbé wọn gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ wakọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ wò ó bí ìlà ìsàlẹ̀ omi ṣe dúró. Ẹ wá fún un níná. Tí ìlà bá já tó di èérí, ìfóòfó ń gba abẹ́ ojú kọjá: ẹ sọ ojú kalẹ̀ ní mílímítà mẹ́ta, ẹ tún sáré wò. Ẹ lè ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kó tó jókòó, kì í ṣe pé ó bà jẹ́.

Ìpele 7: Sẹ́tìn lórí omi

Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà á máa ka ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ yí i sí mítà, torí ẹni tó rí 8 tó rò pé mítà 8 ni, kò tó mítà 2 ààbọ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á sì fẹnu kó ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ yan irú omi. Ọ̀sà Lẹ́kkí ní apá Ẹ̀pẹ́, omi aládùn. Ojú òkun, oníyọ̀. Ọ̀sà Èkó ló ń ṣe méjèèjì, òjò á sọ ọ́ di aládùn, ẹ̀ẹ̀rùn á gbé iyọ̀ wọlé, ẹ yí i tí àsìkò bá yí.

Ẹ pa àwòrán ẹja kéékèèké yẹn, Fish ID. Ohunkóhun tó bá léfòó, ewé, ọ̀rá, ìfóòfó, á sọ ọ́ dẹja. Ohun tí ẹ máa wá ni ìlà tó tẹ̀ bíi ọrun, ó máa ń tẹ̀ torí ẹja náà wọ etí ìtànṣán, ó gba àárín, ó tún jáde. Nínú omi mítà 2, ìtànṣán ti tóóró jù, ọrun kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ, àmì kúkúrú tàbí tó-tò-tó lẹ máa rí, ẹja náà ni. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, nínú omi tí kò jìn bẹ́ẹ̀ ariwo ẹ́ńjìnnì á ti lé ẹja kí ẹ tó dé orí ẹ̀. Ohun tí fíṣífáíńdà ń ṣe fún yín níbẹ̀ jù ni pé ó ń fi ilẹ̀ hàn: ibi tí ẹrẹ̀ ti parí tí yanrìn bẹ̀rẹ̀, etí kòtò, kùkùté tó máa ya àwọ̀n. Ìlà tó nípọn tó mọ́lẹ̀, ilẹ̀ líle. Tó ṣá tó rí gbúdugbùdu, ẹrẹ̀.

Tí èérí bá pọ̀ lókè skírínì, ẹ dín sensitivity (bó ṣe ń gbọ́ ohùn kékeré tó) kù, ẹ má dín in títí ìlà ìsàlẹ̀ fi máa pòórá. Tí orí yín bá ní GPS, ẹ máa fi àmì sí ibi kùkùté. Garmin Striker Plus àti Striker Vivid ní Quickdraw nínú, tó ń ya máàpù ìsàlẹ̀ omi bí ẹ ṣe ń rìn, máàpù adágún Amẹ́ríkà tó máa ń bá àwọn orí mìíràn wá kò wúlò fún yín, ẹ má sanwó lé e.

Ìyẹ̀wò tó kẹ́yìn: ẹ padà sí ibi márùn-ún ti Ìpele 1 pẹ̀lú okùn yín. Ẹ sọ okùn, ẹ ka skírínì. Ẹ rántí pé abẹ́ ojú ni fíṣífáíńdà ti ń kà, okùn sì ń kà láti ojú omi, torí náà ẹ fi bí ojú ṣe rì tó kún un, sẹ̀ǹtímítà 20, 30, mẹ́nù wà fún un. Ìṣàn omi náà lè ti yí i díẹ̀ sí ti ọjọ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tún okùn sọ. Tí mẹ́rin nínú márùn-ún bá bára mu, ó ti jókòó nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ibi ẹrẹ̀ nìkan ni ò bára mu, okùn ló wọnú ẹrẹ̀, fíṣífáíńdà ò ṣẹ̀.

Tí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ yọ orí lọ sílé, ẹ yọ fíùsì, ẹ fi omi aládùn àti ọṣẹ fọ ojú, pàápàá tí ẹ bá ti lọ sójú òkun, kí ẹ fi aṣọ nù ú. Ẹ má fi pẹtiróòlù nù ún o, bó ti wù kí ìdọ̀tí bò ó tó.